Ìwé Wo Ló Yẹ Kó Wà Lórí Pẹpẹ Onídán?

Ní ilé wa ní Owódé Onírin, irin ni ohun gbogbo. Bàbá mi ń ta ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń kọ́lé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin. Nígbà tí mo ní kó bá mi ṣe pẹpẹ tí n ó máa to ìwé sí, àjákù irin ló fi jó o. Ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri lókè ibùsùn mi. Pẹpẹ náà kò gùn ju apá mi lọ, bóyá ni yóò gbà ju ìwé mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ìwé kí lo fẹ́ kó síbẹ̀?" Mo ní, "Ìwé idán." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ṣé onídán náà máa ń kàwé ni?"

Mi ò bínú sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ládùúgbò wa ló gbà pé inú ìgò àti inú ìgbàdí ni agbára onídán wà. Bàbá mi sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí Professor Peller bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn àgbà kan a máa ké sí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ọkùnrin náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, 1941 ni wọ́n bí i, Moshood Fọlọ́runṣọ́ Abíọ́lá sì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Nígbà tó fẹ́ di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, kò wọ igbó lọ. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ idán ní Íńdíà ló lọ ní 1964. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó pidán fún àwọn ará Èkó ní Federal Palace Hotel, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ilé rẹ̀ ní Èkó ní 1997, bàbá mi ní àwọn ènìyàn ń bi ara wọn pé, "Idán rẹ̀ dà?" Ìbéèrè yẹn dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́ ni idán rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi káfíńtà tí wọ́n pa pé igi rẹ̀ dà.

Ohun tí ènìyàn lè lọ kọ́ nílé-ìwé, ó ṣeé kọ sínú ìwé. Harry Houdini, ará Amẹ́ríkà tí kò sí ẹ̀wọ̀n tàbí ṣẹkẹṣẹkẹ̀ tí kì í tú kúrò nínú rẹ̀, kó ìwé jọ títí ilé rẹ̀ fi kún. Lẹ́yìn tó kú ní 1926, àwọn ìwé tó fi sílẹ̀ fún Ilé-Ìkàwé ti Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà sún mọ́ 4,000. Nítorí náà, onídán ń kàwé. Ìbéèrè tó kù ni èyí: bí pẹpẹ bá gba ìwé mọ́kànlá péré, èwo ni ká yàn? Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ owó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ìwé idán àtijọ́ wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ìwé ìdáná ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, ìwé ìṣirò ń kọ́ni ní ìṣirò, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tan ojú ènìyàn jẹ ni ìwé idán ń kọ́ni. Ṣé ó tọ́ kí ọmọ ilé-ìwé kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ? Bó bá tọ́, èwo ló yẹ kó kó, èwo ló sì yẹ kó fi sílẹ̀?

Kì í ṣe eré ni mo fi ń bèèrè. Ní ọdún tó kọjá, mo ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Nítòsí ibùdókọ̀ kan, ọkùnrin kan gbé páálí lé orí ike ọ̀dà, ó ń da káàdì mẹ́ta sí ojú rẹ̀, pupa kan, dúdú méjì. Ẹni tó bá mú pupa yóò gba ìlọ́po méjì owó tó fi lélẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ń jẹ owó, ó sì ń pariwo ayọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, nítorí n kò tíì parí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ka irú eré náà lórí fóònù: bí ọwọ́ ṣe ń mú káàdì méjì pọ̀, tí yóò sì ju ti òkè sílẹ̀ nígbà tí ojú ń retí ti ìsàlẹ̀. Mo rí i bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe ṣe é. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé inú mi dùn. Inú mi dùn bí ìgbà tí mo bá rí ìdáhùn sí ìṣirò tó le.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dúró. Agbọ̀n òfìfo ló gbé, ó ń lọ ra tòmátì ní Mile 12. Ó fi ₦5,000 lélẹ̀, ó pàdánù rẹ̀. Ó fi ₦10,000 lélẹ̀ kó lè gba ti àkọ́kọ́ padà, ìyẹn náà lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo mọ ibi tí káàdì pupa wà, mo dákẹ́. Ìdí méjì ni mo fi dákẹ́. Èkíní, ẹ̀rù bà mí, àwọn ọkùnrin yẹn kì í ṣe ẹni tí ọmọdé ń ko lójú. Èkejì ló ń tì mí lójú títí dòní. Gbogbo ìwé tí mo ti kà ló sọ pé onídán kì í tú àṣírí idán, mo sì ti ń ka ara mi mọ́ awo. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà jókòó sí etí gọ́tà, ó gbé agbọ̀n lé orúnkún, ó ń sọ pé, "Owó ọjà mi ni o. Owó ọjà mi ni." Mo kọjá lára rẹ̀, mo lọ sílé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Ó ní ọ̀bẹ ni ìwé: a lè fi bẹ iṣu, a sì lè fi gún ènìyàn, ẹ̀bi kò sí lára ọ̀bẹ. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Mo lè dá jókòó ní ilé ìdáná kí n fi ọ̀bẹ bẹ iṣu láìsí ẹnìkan níbẹ̀. N kò lè dá pidán. Idán kò pé àfi bí ojú ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀ tí yóò ṣìnà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá idán kan dára, ẹni tí a pa á fún ló yẹ ká wò, ká má wo ìwé, ká má sì wo ọwọ́. Ìbéèrè kan ni mo wá fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò: bí ẹni yìí bá mọ gbogbo ohun tí mo ṣe, ṣé yóò rẹ́rìn-ín ni àbí yóò sunkún?

Ẹ fi ìbéèrè yìí dán àwọn eléégún onídán wò, àwọn aláré ilẹ̀ wa àtijọ́. Ní 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò láti Bìrìtìkó, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì wo eré wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkan nínú wọn di ejò ńlá, pé òmíràn yọ jáde bí òyìnbó tó rù, tí òtútù ń mú, àwọn èrò sì ń hó yèè. Òyìnbó yẹn gan-an ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì wà níbẹ̀! Aṣọ àti ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n eré ni èrò wá wò, eré ni wọ́n sì rí. Àdéhùn wà láàárín ẹni tó ń pidán àti ẹni tó ń wò ó. Àwọn eléégún onídán kò ní ìwé. Agbo ilé ni ilé-ìkàwé wọn, ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu bàbá. Wọn kì í sọ àṣírí fún ará ìta, nítorí oúnjẹ ìdílé ni. Ẹni tó bá tú u kàn ń da ọbẹ̀ olówó dànù ni.

Ẹ wá fi dán ọkùnrin kejì wò. Jean-Eugène Robert-Houdin, ará Faransé, aṣe-aago ni kó tó di onídán, òun ni Houdini sì ti mú orúkọ tirẹ̀. Ó ní àpótí kan tó kéré. Ọmọdé lè gbé e. Bí ó bá ti fẹ́, ọkùnrin alágbára kò ní lè gbé e kúrò nílẹ̀ mọ́. Ọmọ onírin ni mí, nítorí náà ó yé mi kíá. Irin wà ní ìdí àpótí náà, òòfà tí iná mànàmáná ń fún lágbára sì wà lábẹ́ pèpéle. Bí wọ́n bá tan iná náà, òòfà á di irin mú. Bí wọ́n bá pa á, á tú u sílẹ̀. Irú òòfà yìí ni àwọn ẹ̀rọ kan fi ń gbé àjákù irin sókè ní ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Nínú gbọ̀ngàn ìwòran ní Paris, eré dídùn ni. Ṣùgbọ́n ní 1856, ìjọba Faransé rán an lọ sí Algeria tí wọ́n ń fi ipá ṣàkóso, kó lè fi han àwọn ará ibẹ̀ pé agbára òyìnbó ju ti àwọn aláàfáà wọn lọ. Ó pe alágbára kan jáde, ó ní òun yóò gba okun rẹ̀, ó sì lo àpótí yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Àpótí kan náà ni, òòfà kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ní Paris, ẹni tó bá mọ àṣírí náà yóò rẹ́rìn-ín. Ní Algeria, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé wọ́n fi òun ṣe ẹrú pẹ̀lú irọ́. Àdéhùn ti kúrò láàárín wọn.

Ó dùn mọ́ mi láti dá òyìnbó yẹn lẹ́bi, àfi ìgbà tí mo rántí ohun tí èmi náà ṣe. Ní ilé-ìwé wa, mo mú owó ẹyọ kan, mo fi pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, mo sì yọ ọ́ létí ọmọ JSS1 kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà kò pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́kún. Ní ọjọ́ kejì, ó ń gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá kó má bàa pàdé mi, ọ̀rọ̀ sì ti ń lọ láàárín àwọn ọmọ kéékèèké pé àjẹ́ ni mí. Mo rò pé eré ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò mọ̀ pé eré ni. N kò bá a ṣe àdéhùn kankan. Mo wá a lọ nígbà ìsinmi, mo jókòó tì í, mo fi ibi tí owó náà wà hàn án, mo sì kọ́ ọ títí òun náà fi lè ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ní mo ti ba idán jẹ́. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú mi, tirẹ̀ sì tóbi ju tèmi lọ fíìfíì. Ní 1584, Reginald Scot, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tó ń jẹ́ The Discoverie of Witchcraft. Nígbà ayé rẹ̀, wọ́n ń so àwọn obìnrin rọ̀ lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Scot sọ pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn, ọgbọ́n ọwọ́ ló lè ṣe é. Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, ó ṣàlàyé bí owó ṣe ń pòórá lọ́wọ́ onídán, bí ọ̀bẹ ṣe ń dà bíi pé ó gún apá, bí orí ṣe ń dà bíi pé wọ́n gé e sínú àwo. Ó wà nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé idán, ìdí tí ó sì fi tú àṣírí ni kí wọ́n má ṣe pa aláìṣẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo ronú nípa àwọn arúgbó àti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ lé jáde nílé ní orílẹ̀-èdè wa títí di òní. Ìwé yẹn ti lé ní 400 ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì tán.

Houdini náà ṣe bákan náà. Ó fi àṣírí bí ó ṣe ń tú kúrò nínú ẹ̀wọ̀n pamọ́, ṣùgbọ́n kò dá àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sí, tí wọ́n ní àwọn ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ó ń wọ aṣọ tí wọn kò fi ní dá a mọ̀ lọ sí ibi ìpàdé wọn, ó ń tú wọn fó, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1924. Ẹnìkan lè ní ojú méjì ló ní. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àṣírí tó ń bọ́ ẹni tó ni ín láìpa ẹnikẹ́ni lára, ká bò ó. Àṣírí tó ń jẹ ẹlòmíràn run, ká tú u. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè kì í ṣe awo onídán. Ọkùnrin onípáálí yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n ọwọ́ kan náà la jọ kọ́. Mo gbé olè nígbọ̀nwọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì pè é ní awo.

Nítorí náà, ìwé tí mo yàn sórí pẹpẹ mi nìyí. Èkíní ni ìwé tó ń kọ́ ọwọ́, irú Modern Coin Magic tí J. B. Bobo tẹ̀ jáde ní 1952, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá, ẹ̀sín ni yóò jẹ. Èkejì ni ìwé Scot, kó máa rán mi létí ẹni tí àìmọ̀ lè pa. Ẹ̀kẹta ni ìtàn ayé Robert-Houdin. N kò fi í síbẹ̀ kí n lè máa bọlá fún un lásán. Ọgbọ́n rẹ̀ wù mí, ohun tó fi ọgbọ́n náà ṣe ń bà mí lẹ́rù, ó sì dára kí méjèèjì wà nínú ìwé kan. Ẹ̀kẹrin ni ìwé Fíṣíìsì tí a ń lò nílé-ìwé, nítorí òòfà àti ìmọ́lẹ̀ ni bàbá idán púpọ̀. Ẹ̀karùn-ún ni ìwé àkọsílẹ̀ tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ nínú. Ibẹ̀ ni mò ń kọ orúkọ idán kọ̀ọ̀kan tí mo bá pa, ẹni tí mo pa á fún, àti bóyá ó rẹ́rìn-ín.

Ìwé kan wà tó fún mi ní wàhálà. The Expert at the Card Table ni, èyí tó jáde ní 1902 lábẹ́ orúkọ S. W. Erdnase. Di òní, kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onídán káàkiri ayé ka ìwé náà sí iyebíye, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n tí àwọn ọ̀jẹ̀lú tẹ́tẹ́ fi ń jẹni ló kún ìdajì rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, èyí nìkan tó ohun àròjinlẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ pé n kò ní gbé e sórí pẹpẹ mi. Mo wá rántí pé bí n kò bá ka irú rẹ̀, n kì bá tí rí ohun tí ọwọ́ ọkùnrin onípáálí ń ṣe. Ohun tó burú lọ́jọ́ yẹn ni pé mo rí i, mo sì dákẹ́. Nítorí náà, mo gbé e síbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ìwé Scot gan-an. N kò sì ní yá ẹnikẹ́ni lára rẹ̀ àfi ẹni tí mo bá mọ ìwà rẹ̀, nítorí ẹni tó yá olè ní àkàbà ti bá a gòkè.

Ẹ lè bi mí pé: bí gbogbo ènìyàn bá ń tú àṣírí, ṣé idán kò ní kú? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ JSS1 yẹn mọ ibi tí owó wà nísinsìnyí, síbẹ̀ ó ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n tún un ṣe. Ẹni tó mọ bí ìlù ṣe ń dún kò dẹ́kun ijó.

N kò tún rí obìnrin alágbọ̀n yẹn mọ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì lè dá owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n màmá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn onírin, àwọn alábàárù àti àwọn tó ń ta pátì ọkọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, bí àwọn oníbàárà bá ti jókòó, mo máa ń tẹ́ páálí sórí bẹ́ǹṣì, mo máa ń da káàdì mẹ́ta síbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo wọn á mú un, gbogbo wọn á kùnà, ariwo á sọ. Lẹ́yìn náà, màá tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí káàdì pupa gbà lọ. Alábàárù kan wò ó títí, ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ká ní mo rí èyí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn." Kò sọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì bi í. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́.